Òrùlé Tó Ń Rìn Nígbà Tí Oòrùn Bá Wọ̀

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mo ṣe gan-an, tí mo fi lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ní Ìlá Ọ̀ràngún. Mo ní òfurufú ni mò ń ṣọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì àgbà, ta ló fẹ́ jí i?" Nítorí ẹ̀rín yẹn ni mo ṣe jókòó láti kọ èyí fún un, àti fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń wo iṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì tí ẹ kò tíì mọ èyí tí ẹ ó mú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe kan. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni tó ń ṣọ́ òfurufú ń ka ìràwọ̀, tàbí pé ó ń sọ ìgbà tí òjò máa rọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò àti ìkùukùu wà nítòsí wa. Ohun tí èmi ń ṣọ́ wà lókè wọn réré, níbi tí ẹyẹ kò lè dé, tí ọkọ̀ òfurufú pàápàá kò lè dé. Oòrùn máa ń lu afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lọ́hùn-ún, á fọ́ ọ sí èérún kéékèèké tí agbára iná wà lára wọn. Ojú kò rí wọn, etí kò gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn sátẹ́láìtì tó ń yí ayé po ń rán ohùn rédíò sílẹ̀, ohùn yẹn sì gbọ́dọ̀ gba àárín àwọn èérún náà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tí àwọn èérún bá tò jẹ́jẹ́, ohùn á dé ní pípé. Tí wọ́n bá dàrú, ohùn á dé ní gbígbọ̀n. Nígbà mìíràn kò ní í dé rárá. Inú gbígbọ̀n yẹn la ti ń mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè. Ó dà bí ẹni tó jókòó sínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tó ń fi ìró ẹsẹ̀ mọ ẹni tó ń kọjá níta.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Olùkọ́ físíìsì ni mí; wọ́n ní kí n wá ran ọ̀gá kan lọ́wọ́ fún sáà kan, sáà náà kò sì parí mọ́. Owó rẹ̀ jẹ́ owó olùkọ́. Ẹ ti mọ ìyókù.

Ọ̀gá Oyèdìran ni orúkọ ọ̀gá náà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ funfun ni í máa ń wọ̀, kì í pariwo. Yàrá iṣẹ́ wa wà ní orí òkè kan tí a ti ń rí páànù ìlú títí dé ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀. Éríà wa, irin tó ń gba ohùn rédíò, wà lórí òrùlé. Nínú yàrá, ẹ̀rọ kan wà tó ń fa ìwé gígùn kọjá lábẹ́ gègé oníyíǹkì. Sátẹ́láìtì kan ṣoṣo tó dúró sójú kan lókè la ń gbọ́ nígbà yẹn. Tí ohùn rẹ̀ bá dúró ṣinṣin, gègé á fa ìlà tó tọ́. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìlà tó tọ́ ni mò ń rí, bí ẹni pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n.

Ní ọjọ́ kejì mi níbẹ̀, ọ̀gá jáde lọ fọ ọwọ́. Oòrùn ti wọ̀, apá ìwọ̀-oòrùn ṣì pọ́n díẹ̀. Kò sí atẹ́gùn. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ nígbà tí gègé náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó kọ́kọ́ rọra mì, bí ìka ẹni tó ń lá àlá. Lẹ́yìn náà ó ń gbá ìwé láti etí dé etí, gìrìgìrì, gìrìgìrì, yíǹkì ń ta sára ògiri. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo sáré pa á, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ pé ẹ̀rọ bàjẹ́.

Ọ̀gá wọlé, ó ka ohun tí mo kọ.

"Dúpẹ́, ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀rọ bàjẹ́?"

"Ó ń gbọ̀n ni, sà."

"O rí i pé ó ń gbọ̀n. Ṣé o rí i pé ó bàjẹ́?"

Ó na ìwé àkọsílẹ̀ náà sí mi.

"Ohun tí o rí ni kí o kọ. Èyí tí o rò, gbé e lọ sílé, kí o fi jẹun alẹ́."

Ó tan ẹ̀rọ padà. Gègé náà ṣì ń jà. Ó fa àga kan sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí n kàn máa wò ó. Àwa méjèèjì wò ó títí. Mo jáde lẹ́ẹ̀kan lọ wo òkè. Ìràwọ̀ ti yọ, ojú ọ̀run dákẹ́ bí omi inú àmù. Mo padà wọlé, gègé ń jà bí ẹni tí wọ́n dì mọ́lẹ̀. Mi ò tíì gbàgbé bí ara mi ṣe rí ní ẹnu ọ̀nà yẹn. Níta, kẹ́kẹ́ pa. Nínú ilé, ẹ̀rí wà pé ohun ńlá kan ń kọjá lórí wa.

Ọ̀gá wá ṣàlàyé. Tí oòrùn bá ti wọ̀, ìsàlẹ̀ àwọn èérún yẹn á tètè tú ká, òkè wọn á ṣì ki. Ohun tó fúyẹ́ á wá wà lábẹ́ ohun tó wúwo. "Ṣé o ti ro ògì rí?" ó bi mí. "Tó bá gbóná, ihò afẹ́fẹ́ á ti ìsàlẹ̀ ìkòkò rú sókè, á bẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lókè, àmọ́ ihò kan ṣoṣo lè gùn láti ibí dé Ìlọrin kó tún kọjá bẹ́ẹ̀." Ó ní apá ayé tiwa yìí ló ti pọ̀ jù, pàápàá ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀gá le, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò jẹ́ kí n fi pẹ́ńsù kọ ohunkóhun. Tí mo bá ṣi kọ, kí n fa ìlà kan ṣoṣo lé e, kí n fọwọ́ sí i, kí ẹni tó bá fẹ́ lè ka àṣìṣe mi. Nígbà kan tíì dà sórí ìwé àkọsílẹ̀, mo rọra ya ojú ìwé náà. Ó rí i. Ó ní kí n kọ ọ́ sí ojú ìwé tó tẹ̀lé e pé, "Èmi Dúpẹ́ ni mo ya ojú ìwé tó ṣáájú èyí." Mo sunkún. Ó ní kí n sunkún jìnnà sí ìwé.

Nígbà tí ọ̀gá fẹ̀yìn tì, ẹ̀rọ tuntun dé. Gègé àti yíǹkì lọ, kọ̀ǹpútà dé. Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fi wọ́n ṣírò ibi tí éríà wa wà lórí ilẹ̀ ayé, bí fóònù yín ṣe ń tọ́ka ibi tí ẹ wà. Ibi tó bá ṣírò, á fi àmì kékeré sí i lórí àwòrán àyíká wa lójú kọ̀ǹpútà. Sìmẹ́ńtì ni a fi de éríà yẹn mọ́ òrùlé. Nítorí náà, láti òwúrọ̀, àmì lórí àmì ni, ojú kan náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, àmì náà kúrò lórí òrùlé. Ó bọ́ sí àgbàlá, ó gba ẹ̀gbẹ́ igi gúáfà kọjá, ó dúró sínú koríko lẹ́yìn ilé. Àwọn sátẹ́láìtì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èèyàn tí wọ́n ń pè lórúkọ jáde kúrò nínú yàrá. Mo mọ ìdí rẹ̀. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́ ní ìdí rẹ̀. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi gbé mi jáde. Mo lọ dúró síbi tí ẹ̀rọ sọ pé òrùlé wà, mo gbójú sókè.

Bàbá Sàlámì, ẹni tó ń ṣọ́ géètì wa, rí mi.

"Mọ́mì, kí lẹ ń wá nínú koríko?"

"Òrùlé wa ni, bàbá."

Ó wo òkè ilé. "Òrùlé wa rèé lórí ilé o, mọ́mì. Kò tíì sẹ́ni tó jí páànù."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rọ ló ní ibí ló wà báyìí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀ tí mo dúró lé, ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀. "Ẹ kúrò níbẹ̀, mọ́mì," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀."

Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí ìròyìn fi dé ọjà pé òrùlé àwọn olùkọ́ ń rìn. Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan wá kó ẹrù ọmọ rẹ̀. Àwọn yòókù kò wá sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ibí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Lójoojúmọ́, a máa ń lẹ ìwé kan mọ́ pátákó níwájú ilé, tó ń fi bí ojú ọ̀run ṣe rí ní ọjọ́ tó kọjá hàn, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè lò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé yẹn ṣe. Bọ́tìnì kan wà tí mo lè tẹ̀, á pa gbogbo gbígbọ̀n ìrọ̀lẹ́ rẹ́, á fi ìlà tó tọ́ dí àlàfo rẹ̀. Ìwé tòótọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, èyí tó ní ìtura wà lára pátákó. Ọkàn ìlú balẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ padà wá. Mo tilẹ̀ ń yin ara mi pé mo ní ọgbọ́n àgbà.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, obìnrin kan gun ọ̀kadà wá láti abúlé kan lẹ́bàá Ire. Eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Tàíwò ni orúkọ rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ tó ń wo òkè?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jókòó."

"Mi ò ní í jókòó. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bi yín. Ọkọ mi, ṣé ó lè rìn?"

Mo rò pé ara ọkọ rẹ̀ ni kò yá. "Kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀, mà?"

"Ó ti kú. Ọdún kẹrin rèé. Inú oko kòkó rẹ̀ la sin ín sí, ọwọ́ mi yìí ni mo fi bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Awọnlẹ̀ wá ní ẹ̀rọ yín jẹ́rìí pé ibi tó sùn sí kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Tí kò bá rìn, kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Mo gbé omi fún un, mo ní kó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ àti ti Gbádé, àbúrò ọkọ rẹ̀, jọ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, ti Gbádé ló wà ní apá ìwọ̀-oòrùn. Pèrègún ni bàbá wọn gbìn sí ààlà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ jó wọn, kò ku kùkùté. Gbádé ní sàréè náà wà nínú ilẹ̀ tòun. Obìnrin náà ní irọ́ ni. Àwọn àgbà pinnu pé kí Ọ̀gbẹ́ni Rájí, awọnlẹ̀ kan láti Ọ̀tan Ayégbajú, fi ẹ̀rọ sátẹ́láìtì wọ̀n ọ́n, kó fi wé àwòrán ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Àríyànjiyàn pọ̀ lọ́jọ́ náà, oòrùn ti wọ̀ kí Rájí tó gbé ẹ̀rọ sórí sàréè. Ẹ̀rọ ní ọ̀dọ̀ Gbádé ló wà. Rájí, tó jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ wá wo pátákó wa, bóyá ojú ọ̀run mì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìwé mi ní kò mì.

"Ní Àbámẹ́ta ni wọn ó ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́lẹ̀," obìnrin náà ní. "Ọkọ mi Gbádé ní tí wọ́n bá ti rì í tán, òun á kọ ebè ẹ̀gẹ́ lé sàréè lórí."

Nígbà tó lọ, mo ṣí dúrọ́ọ̀. Mo wá ìwé tòótọ́ ti ìrọ̀lẹ́ náà. Òrùlé wa rìn lọ́jọ́ náà. Ó rìn ní ìgbésẹ̀ méjìlá sí apá ìwọ̀-oòrùn. Apá ìwọ̀-oòrùn kan náà ni ẹ̀rọ Rájí gbé sàréè lọ. Òrùlé mi àti òkú ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí jọ gbéra ní wákàtí kan náà, wọ́n jọ kọrí síbì kan náà, èmi ni mo sì bo ipa ẹsẹ̀ wọn.

Mo lọ bá Ọ̀gá Oyèdìran nílé. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un.

"Nítorí kí ni?" ó bi mí.

"Kí ọkàn àwọn ará ìlú lè balẹ̀, sà."

"Ọkàn wọn balẹ̀. Ilẹ̀ obìnrin kan ló bá a lọ." Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Lọ sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Má lọ sọ ọ́ sétí awọnlẹ̀ nìkan, kí o wá pè é ní òtítọ́."

Ní Àbámẹ́ta mo gbé ẹ̀rọ wa kan dání, mo lọ. Àwọn àgbà jókòó sábẹ́ igi obì, òpó sìmẹ́ńtì wà nílẹ̀ níwájú wọn. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Rájí di orí mú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bà mí lórúkọ jẹ́." Mo ní, "Èmi ni mo bàjẹ́, kì í ṣe ìwọ."

Gbádé dìde. "Ìyàwó wa, mo kí ọ o. O tún ra olùkọ́."

"Ọkọ mi," Ìyá Tàíwò dáhùn, "tí mo bá lówó láti ra olùkọ́, ṣé bàtà tó já yìí ni mo máa wọ̀ wá?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, Baálẹ̀ sì ní kí a tún un wọ̀n ní ojúmọmọ. A wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, tí òkè dákẹ́. Sàréè wà nínú ilẹ̀ ọkùnrin náà, pẹ̀lú ìgbésẹ̀ kan péré sí ààlà. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni: ìlà kòkó méjì tí obìnrin náà ti ń ká láti ọjọ́ yìí wá bọ́ sí ti Gbádé. Ó wo àwọn igi náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Kó máa ká a. Èmi ò bá a du kòkó."

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìwé tó wà lára pátákó wa ń gbọ̀n bí òkè ṣe gbọ̀n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kò wá sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ mọ́, àwọn awọnlẹ̀ kan kò gbà mí gbọ́ mọ́, ó sì tọ́ sí mi. Iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá mú, ohun kan á wà nínú rẹ̀ tó máa bà yín lẹ́rù, tí ẹ ó fẹ́ tò ó kó lè mọ́ lójú àlejò. Ẹ má tò ó. Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ bí ọjọ́ náà ṣe parí.

Gbádé kò gbà. "Ẹ̀rọ tó purọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ta ló ní kò purọ́ lọ́sàn-án? Olùkọ́, ẹ dúró títí oòrùn á fi wọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ojú mi rí i."

A dúró. Mo gbé éríà sórí sàréè, mo gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí kan láàárín igi kòkó ní ilẹ̀ Gbádé. Oòrùn wọ̀ sẹ́yìn igi kòkó. Òkùnkùn kọ́kọ́ kún abẹ́ igi, òkè ṣì ní ìmọ́lẹ̀. Kò sí ewé tó mì. Àwa mẹ́rin la yí kọ̀ǹpútà ká: èmi, Rájí, opó náà àti Gbádé. Àmì wà lójú kan, àmì lórí àmì. Gbádé ti ń mí ìmí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí àmì náà kúrò lórí sàréè.

Ó rọra lọ. Ó kọjá ààlà. Ó wọ ilẹ̀ Gbádé, ó gba àárín àwọn igi náà lọ, ó sì dúró. Gbádé wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ibi tí òun dúró sí gan-an ni.

"Ẹ pa á, mọ́mì," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Mo ti rí i. Ẹ pa á."

Mo ní, "Gbádé, òkè ló ń mì. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀." Olùkọ́ ni mí, mi ò lè ṣe kí n má ṣàlàyé. Kò gbọ́. Ó ti ń fi ẹ̀yìn rìn.

"Ẹ má pa á," Ìyá Tàíwò ní. "Ẹ jẹ́ kó ṣe tán."

A dúró títí àmì náà fi padà sórí sàréè, a sì ń gbọ́ tí Gbádé ń mí láàárín àwọn igi.

Ní ọjọ́ kejì, a padà lọ ri òpó sìmẹ́ńtì, kí ẹbí méjèèjì sì jọ gbin pèrègún tuntun. Gbádé ti ṣáájú wa débẹ̀. Ó ti gbin pèrègún náà fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ilẹ̀ ìdí wọn ṣì tutù. Rájí fi tépù wọ̀n ọ́n. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni Gbádé fi sún ààlà sẹ́yìn sínú ilẹ̀ ara rẹ̀, ìlà kòkó méjèèjì sì tún bọ́ sí ti opó náà. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Rájí wojú mi bóyá kó tún un ṣe. Mo kọ ìgbésẹ̀ mẹ́rin náà sínú ìwé bí mo ṣe rí i, mo sì mi orí fún un pé rárá. Ìyá Tàíwò kò wẹ̀yìn wò wá. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ro koríko etí sàréè, ó sì ń sọ ohun kan lábẹ́lẹ̀ tí kì í ṣe àwa ló ń sọ ọ́ fún.